Orúkọ Kan, Àkọsílẹ̀ Púpọ̀: Bí A Ṣe Ń Wọn Ìjọra Ọ̀rọ̀ Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè yín, ní ṣókí, nìyí: ẹ ní àkọsílẹ̀ orúkọ oníbàárà tó tó 100,000, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ kọ́kọ́ lo àmì ìdọ́gba lásán, kò rí nǹkan kan mú. Ẹ wá bọ́ sórí ìṣirò Levenshtein, tó ń ka iye àtúnṣe lẹ́tà tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ìyẹn náà ń so àwọn tí kò bára wọn tan pọ̀, ó sì ń fo àwọn tó jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹ fẹ́ mọ ìlànà tó dára jù lọ, àti iye máàkì tí ẹ lè fi gbà pé orúkọ méjì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìlànà tó dára jù lọ sílẹ̀ ná. Ìlànà kọ̀ọ̀kan tí a fi ń wọn ìjọra ní ìyàtọ̀ tó ń gba owó ìtanràn lé lórí, ìyẹn ni pé ó ń tìtorí rẹ̀ dín máàkì ìjọra kù, ó sì ní èyí tó ń fojú fò dá. Bí irú ìyàtọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú dátà yín bá bá èyí tí ìlànà náà ń fojú fò dá mu, iṣẹ́ yóò yọrí. Bí kò bá bá a mu, kò sí iye máàkì tí ẹ lè yàn tí yóò tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ ka nǹkan bí igba nínú àwọn orúkọ tó ti já yín kulẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó fa ìyàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé lẹ́tà kan ló ṣì, ṣé orúkọ ìdílé ló ṣáájú orúkọ ẹni, ṣé àmì ohùn ni wọn kò fi sí i, àbí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ dípò odindi orúkọ? Kíkà yìí ni yóò sọ fún yín ìlànà tí ẹ nílò.

Levenshtein gan-an kò burú. Ní ọdún 1965 ni Vladimir Levenshtein, onímọ̀ ìṣirò ará Soviet, gbé e jáde, èrò inú rẹ̀ sì rọrùn: ìjìnnà láàárín string méjì (string ni ọ̀wọ́ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà tò tẹ̀ lé ara wọn) ni iye àtúnṣe tó kéré jù lọ tí a lè fi sọ ọ̀kan di èkejì, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a lè ṣe kò ju kí á fi lẹ́tà kan kún un, kí á yọ lẹ́tà kan kúrò, tàbí kí á fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn. A máa ń ṣírò rẹ̀ lórí àtẹ tí lẹ́tà ọ̀rọ̀ kìíní tò sí òkè rẹ̀, tí ti ọ̀rọ̀ kejì sì tò sí ẹ̀gbẹ́. Ihò kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ náà ń gba iye tó kéré jù nínú mẹ́ta: iye inú ihò òkè rẹ̀ pẹ̀lú 1, iye inú ihò ọwọ́ òsì rẹ̀ pẹ̀lú 1, àti iye inú ihò tó wà ní igun òkè lọ́wọ́ òsì, tí a óò fi 1 kún bí lẹ́tà méjèèjì bá yàtọ̀, tí a kò sì ní fi ohunkóhun kún bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan. Wagner àti Fischer ni wọ́n tẹ ìlànà àtẹ yìí jáde ní 1974. Ìlà méjì péré nínú àtẹ náà ni ẹ nílò láti tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kò jẹ àyè púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Àkókò ló máa ń jẹ, torí pé bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá gùn ní ìlọ́po méjì, iṣẹ́ náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe sí orúkọ. Ẹ mú Peter James àti Peter Jones. Àtúnṣe méjì péré ló wà láàárín wọn, a sí o, m sí n. Bí a bá fi gígùn ọ̀rọ̀ tó gùn jù, ìyẹn 11, pín 2, tí a sì yọ èsì náà kúrò nínú 1, ìjọra wọn yóò jẹ́ 0.82. Ẹ wá mú Peter James àti James Peter, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan náà ni wọ́n, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kàn yí ipò orúkọ padà. Ìjìnnà wọn jẹ́ 8, ìjọra wọn sì bọ́ sí 0.27. Kò sí iye kan láyé tí ẹ lè fi ṣe ààlà tí yóò gba èkejì wọlé kí ó sì lé èkíní síta. Levenshtein kò ṣì níbẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ ní kó kà ló kà. Ipò lẹ́tà ṣe pàtàkì lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ipò orúkọ kò ṣe pàtàkì lójú yín. Àtúnṣe tó tó fún irú èyí kò gbówó lórí: ẹ pín orúkọ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n ní ìbámu pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì, ẹ sì so wọ́n pọ̀ padà kí ẹ tó wọn ìjìnnà. Méjèèjì yóò di James Peter, ìjìnnà yóò sì di òdo.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣirò kankan rárá, ẹ wo bí àwọn lẹ́tà náà ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà tí a ń dá Levenshtein lẹ́bi fún ti máa ń wá, pàápàá nínú èdè tó ní àmì lórí àti lábẹ́ lẹ́tà bíi tiwa. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, fàyè gba ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ láti kọ lẹ́tà alámì. Lẹ́tà á lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí àmì ohùn ti lẹ̀ mọ́. Ó sì lè jẹ́ ẹyọ méjì, a lásán tí àmì ohùn tẹ̀ lé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí string ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbékalẹ̀ tó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe ni wọ́n ń pè ní NFC, èyí tó ń tú wọn ká pátápátá sì ni NFD.

Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà kọ̀ǹpútà wò. Lẹ́tà méje ni ojú rí. Ní NFC, ẹyọ mẹ́jọ ni: ǹ, ú àti à ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kankan fún lẹ́tà ọ tó tún ru àmì ohùn, nítorí náà àmì ohùn orí rẹ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ mìíràn. Ní NFD, ẹyọ méjìlá ni. Bí àkọsílẹ̀ kan bá wà ní NFC, tí èkejì wà ní NFD, Levenshtein yóò ka ìjìnnà 8 láàárín ọ̀rọ̀ kan náà àti ara rẹ̀, ìjọra wọn yóò sì jẹ́ 0.33. Ẹni tó bá wo àbájáde yẹn lórí ojú kọ̀ǹpútà yóò rò pé ètò náà ti ya wèrè. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ sọ gbogbo string di irú kan náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yálà pẹ̀lú unicodedata.normalize ní Python tàbí normalize tó wà lára string ní JavaScript. Java náà ní Normalizer. Ẹ tún rántí pé èdè ìkọ̀wé ètò kò gbà lórí ohun tí gígùn string jẹ́. Python ń ka ẹyọ Unicode, Java àti JavaScript ń ka ẹyọ UTF-16 (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú nọ́ńbà Unicode), len, àṣẹ tí Go fi ń ka gígùn, sì ń ka báìtì, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ọ nìkan gba báìtì mẹ́ta ní UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú mìíràn. Ẹni tó bá ń wọn ìjìnnà lórí báìtì lè gba owó ìtanràn mẹ́ta lórí àṣìṣe kan.

Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yọ gbogbo àmì dànù. Ó rọrùn lóòótọ́: ẹ sọ ọ́ di NFD, kí ẹ sì pa gbogbo àmì alálẹ̀mọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà wà lára àwọn àmì wọ̀nyí, nítorí náà lẹ́tà ẹ yóò di e, ṣ yóò di s, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò sì di ọ̀kan láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè fún un. Bí ó bá jẹ́ àmì ohùn nìkan lẹ fẹ́ mú kúrò, àwọn tí nọ́ńbà Unicode wọn jẹ́ U+0300 (ohùn ìsàlẹ̀), U+0301 (ohùn òkè) àti U+0304 (ohùn àárín) ni kí ẹ pa, kí ẹ sì fi U+0323, àmì abẹ́ lẹ́tà, sílẹ̀. Ohun tí èmi fara mọ́ jù ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà méjì: ẹ̀dà tí a ti bó àmì rẹ̀ kúrò fún wíwá àwọn tó ṣeé ṣe kó jọra, àti ẹ̀dà alámì fún máàkì ìkẹyìn.

Ibi tí ìṣirò náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí, nítorí pé kò sí òfin tó ní gbogbo àtúnṣe gbọ́dọ̀ ná 1. Ẹ lè fi string sílẹ̀ ní NFD, níbi tí àmì ohùn kọ̀ọ̀kan ti dá dúró, kí ẹ sì pàṣẹ pé fífi àmì ohùn kún un tàbí yíyọ ọ́ kúrò yóò ná 0.2, nígbà tí lẹ́tà gidi yóò ṣì máa ná 1. Orúkọ tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì sí yóò wá sún mọ́ èyí tó ní àmì pípé, síbẹ̀ ẹyọ lẹ́tà kan tó yàtọ̀ yóò ṣì wúwo ju àmì kan lọ. Bákan náà, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ka orúkọ láti inú ìwé tí a yà ní fọ́tò, ẹ lè dín owó ìtanràn kù lórí 0 àti O, tàbí 1 àti l. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló tẹ̀ ẹ́, ẹ dín in kù lórí àwọn lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù. Kí iye tí ẹ bá yàn ṣáà dọ́gba ní ìhà méjèèjì: bí o sí 0 bá ná 0.3, kí 0 sí o náà ná 0.3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjìnnà láti A dé B kò ní dọ́gba pẹ̀lú ti B dé A.

Lẹ́tà méjì tó gba ipò ara wọn náà wọ́pọ̀ nínú ohun tí ọwọ́ tẹ̀. Levenshtein ka MARTHA àti MARHTA sí àtúnṣe méjì. Frederick Damerau ti fi ìyípò lẹ́tà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kún àwọn àṣìṣe tí a lè kà sí ẹyọ kan láti ọdún 1964, ó sì ròyìn pé èyí tó lé ní ìdá 80 nínú 100 àwọn àṣìṣe sípẹ́lì tó yẹ̀ wò jẹ́ àṣìṣe kan ṣoṣo: lẹ́tà kan lé, lẹ́tà kan dín, lẹ́tà kan ṣì, tàbí méjì yí ipò padà. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá gba kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé ẹ̀dà méjì ló wà níta. Èyí tó rọrùn láti kọ kì í jẹ́ kí á tún fọwọ́ kan ibi tí a ti yí padà, nítorí náà ó ka CA sí ABC gẹ́gẹ́ bí 3, nígbà tí ẹ̀dà pípé kà á sí 2. Láti CA dé AC jẹ́ 1, láti AC dé ABC jẹ́ 1, síbẹ̀ ẹ̀dà tó rọrùn yìí ní ọ̀nà tààrà jẹ́ 3. Ìjìnnà tó gùn ju àpapọ̀ apá rẹ̀ lọ yóò da àwọn ìlànà wíwá kan rú.

Fún orúkọ ènìyàn, Jaro-Winkler, ìlànà tó ń ka iye lẹ́tà tí orúkọ méjì jọ ní ní ipò tó sún mọ́ra, wà lára ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ gbìyànjú. Matthew Jaro ṣe ti àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ìkànìyàn ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1989; William Winkler fi ẹ̀bùn kún un ní ọdún tó tẹ̀ lé e fún orúkọ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára mu, títí dé lẹ́tà mẹ́rin. MARTHA àti MARHTA gba 0.944 nínú ti Jaro, ẹ̀bùn náà sì gbé e dé 0.961 nítorí M, A àti R tó ṣáájú. Ìdí ẹ̀bùn yìí ni pé àwọn ènìyàn kì í sábà ṣi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ orúkọ inú àkọsílẹ̀ yín ló ní ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, bíi ti àwọn orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, Olú tàbí Ọlá, ẹ̀bùn yẹn yóò máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò tọ́ sí. Ẹ lo Jaro láìsí ti Winkler níbẹ̀.

Ọ̀nà tó gba ibòmíràn wá ni kí á gé ọ̀rọ̀ sí ègé kéékèèké, kí á sì ka iye ègé tí ọ̀rọ̀ méjì jọ ní. Bí ègé náà bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, trigram ni wọ́n ń pè é. Iye ègé tí wọ́n jọ ní, tí a fi iye gbogbo ègé tó wà láàárín àwọn méjèèjì pín, ni ìjọra Jaccard, tí a fi orúkọ Paul Jaccard, onímọ̀ ewéko ará Switzerland, pè. Ohun tí pg_trgm, àfikún kan inú PostgreSQL tó jẹ́ ètò ìtọ́jú dátà, ń ṣe nìyí. Ó ń fi àyè òfìfo méjì síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹyọ kan sẹ́yìn rẹ̀ kó tó gé e. Ó ń gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí náà Peter James àti James Peter gba 1 pérépéré. Peter Jones àti Peter James jọ ní ègé 8 nínú 16, ìyẹn 0.5. Ẹ kíyè sí i pé ààlà tí pg_trgm bá wá láti ilé jẹ́ 0.3. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀, tí yóò fi ojú ara rẹ̀ yan nínú àbájáde. Ó léwu fún ẹni tó fẹ́ pa àkọsílẹ̀ méjì pọ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Àwọn yòókù kò ní gbà wá lákòókò. Soundex, tí Robert Russell gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1918, ń sọ orúkọ di kóòdù gẹ́gẹ́ bí ìró rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: Robert àti Rupert jọ gba R163. Ó ń tọ́jú lẹ́tà àkọ́kọ́ bó ṣe wà, nítorí náà Catherine di C365, Katherine sì di K365, wọn kò sì ní pàdé láé. Fáwẹ̀lì kò já mọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, nítorí náà èmi kò ní lò ó fún orúkọ Yorùbá. difflib, irinṣẹ́ ìfiwéra tó bá Python wá, wúlò fún fífi ìyàtọ̀ láàárín ìwé méjì hàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ ń yí máàkì rẹ̀ padà: tide sí diet jẹ́ 0.25, diet sí tide jẹ́ 0.5. Ní ti àwọn ìlànà tuntun tó ń sọ gbólóhùn di nọ́ńbà púpọ̀ láti mọ bí ìtumọ̀ wọn ṣe sún mọ́ra, ìtumọ̀ ni wọ́n wà fún, ìyẹn ibi tí ọ̀rọ̀ méjì kò ti jọ ní lẹ́tà kankan ṣùgbọ́n tí ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Orúkọ kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ iye àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ 100,000 wé ara wọn ní méjì-méjì, ìfiwéra 4,999,950,000 lẹ ó ṣe, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí ẹ ṣe é. Ẹ pín wọn sí agbo kéékèèké pẹ̀lú ohun tó rọrùn láti fi wé, bíi ọdún ìbí, tàbí trigram kan tó ṣọ̀wọ́n tí wọ́n jọ ní, kí ẹ sì wọn ìjìnnà láàárín àwọn tó bá pàdé nínú agbo kan nìkan. Ẹ má fi ọ̀nà kan ṣoṣo pín agbo, nítorí pé ẹni tí àṣìṣe bá ọdún ìbí rẹ̀ kò ní pàdé ìkejì rẹ̀ láé; ẹ pín in ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì da àwọn tó bá pàdé níbikíbi pọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìjìnnà tó ju 2 lọ kò wúlò fún yín, ẹ máa fo orúkọ méjì tí gígùn wọn fi ju lẹ́tà méjì lọ yàtọ̀ síra, kí ẹ sì dá ìṣirò àtẹ dúró ní kété tí ìye tó kéré jù nínú ìlà kan bá ti kọjá 2.

Ní ti ààlà, ẹ má yá iye tí ẹlòmíràn lò. Lẹ́tà kan tó ṣì nínú orúkọ lẹ́tà mẹ́ta ń fún yín ní 0.67, nínú orúkọ lẹ́tà méjìlá ó ń fún yín ní 0.92, nítorí náà ààlà kan ṣoṣo fún orúkọ kúkúrú àti gígùn kò lè ṣe déédéé. Ẹ mú àwọn ìkejì-ìkejì tí ètò yín bá jáde, láti orí èyí tí máàkì rẹ̀ ga dé orí èyí tó kéré, kí ènìyàn méjì wò wọ́n láìrí máàkì, kí wọ́n sì sọ èyí tó jẹ́ ẹnì kan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo iye nínú àwọn tí ètò so pọ̀ tó tọ́, àti iye nínú àwọn tó yẹ kó so pọ̀ tó rí mú. Bí ẹ bá gbé ààlà sókè, ti àkọ́kọ́ sábà máa ń dára sí i, ti kejì kò sì lè ṣe kó máà dín kù tàbí kó dúró sójú kan. Nínú iṣẹ́ tí Fellegi àti Sunter tẹ̀ jáde ní 1969 lórí síso àkọsílẹ̀ pọ̀, ààlà méjì ni wọ́n lò: èyí tó wà lókè àkọ́kọ́ ni a gbà, èyí tó wà nísàlẹ̀ èkejì ni a kọ̀, èyí tó bọ́ sí àárín ni ènìyàn yóò yẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe gan-an nìyẹn, kí ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù sì máa gbe orúkọ lẹ́sẹ̀, nítorí pé orúkọ nìkan kò lè ya àwọn méjì tí òbí wọn sọ ní orúkọ kan náà sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ti ní àwọn tó jọra lọ́wọ́, ẹ má kàn so wọ́n pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Àkọsílẹ̀ A lè jọ B, B lè jọ C, kí A àti C sì jìnnà síra pátápátá. Ètò tó bá ń so gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan ara wọn pọ̀ yóò kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú àkọsílẹ̀ kan. Ẹ béèrè pé kí ẹni tó fẹ́ wọlé sínú agbo jọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú, tàbí ó kéré tán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí ẹ sì fi àwọn àkọsílẹ̀ àtètèkọ́ṣe sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú nọ́ńbà agbo tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ẹ lè tú wọn ká nígbà tí oníbàárà kan bá pè láti sọ pé òun kọ́ lẹ ń bá wí.